Iṣẹ́ ọwọ́ tó ń tu ọkàn lára: wúùlù, òfì, ayò. Ibo ni kí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ti bẹ̀rẹ̀?

Tísà_Mọ́pà

Okun o, gbogbo ilé. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá kan níbí ti gba yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì fún ọjọ́bọ̀, agogo 4 sí agogo 6 ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fẹ́ máa ṣe níbẹ̀, kì í ṣe láti tà, kí ọkàn lè sinmi ni. Opó wà nínú wọn, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì wà, àwọn tó ń tọ́jú ọkọ tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ náà wà. Wúùlù híhun ni ọ̀pọ̀ wọn dárúkọ, torí pé wọ́n ti fọwọ́ kàn án nílé ẹ̀kọ́.

Kí ni kí wọ́n kọ́kọ́ hun tí kò ní sú wọn, tí kò sì ní bí wọn nínú? Ṣé irin kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń lò láyé ọjọ́un ṣì ṣeé lò, àbí dandan ni kí wọ́n ra abẹ́rẹ́? Àwọn ọkọ tó bá tẹ̀lé wọn wá ńkọ́? Ẹ má sì bínú sí ìbéèrè yìí: ṣé lóòótọ́ ni nǹkan yìí ń ṣe ọkàn lóore, àbí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kàn ń pín kiri lórí WhatsApp ni?

Abẹ́rẹ́_Méjì

Tísà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká mú ti irin kẹ̀kẹ́ kúrò nílẹ̀ ná. Irin inú táyà kẹ̀kẹ́ kì í sábà nípọn ju 2 mm lọ. Òwú tẹ́ẹ́rẹ́ ló bá a mu, irú èyí tí wọ́n fi ń hun ìbọ̀sẹ̀ ọmọ ìkókó. Bí ẹ bá fi hun wúùlù tó nípọn díẹ̀, ojú rẹ̀, ìyẹn ojóbó òwú tó wà lórí abẹ́rẹ́, á fún pinpin, abẹ́rẹ́ kejì ò ní ráyè wọlé, ẹni tó ń hun á máa fi agbára tì í. Kò ní pẹ́ tí èjìká á fi gòkè dé etí. Ìsinmi wo ló kù nínú ìyẹn? Ẹnu rẹ̀ tún mú, ó ń gún ìka.

4 mm ni kí ẹ lò. Bí abẹ́rẹ́ ọjà bá wọ́n, ọparun wà. Ẹ la ọparun tó ti gbẹ dáadáa, ẹ gé e ní 30 cm, ẹ fi ọ̀bẹ fá a títí á fi rí róbótó. Kí méjì lè dọ́gba, ẹ dá ihò 4 mm sára pátákó pẹlẹbẹ kan. Ọ̀pá tó bá gba ibẹ̀ kọjá láìfún, tí kò sì mì jọwọrọ, òun ló pé. Sáńdípépà 120 ni ẹ ó kọ́kọ́ fi ha á, kí ẹ tó fi 400 dán an, lẹ́yìn náà ẹ fi àbẹ́là pa á lára, ẹ fi aṣọ nù ún gidigidi. Ẹnu kan á rí ṣóńṣó ṣùgbọ́n kó má mú. Ẹnu kejì, ẹ wé rọ́bà mọ́ ọn kí ojú má baà yọ́ jábọ́ níbẹ̀. Fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ọparun dára ju irin lọ, torí ó ń di òwú mú. Lórí irin, ojú máa ń yọ̀.

Òwú: kọ́tìnnì (cotton) oní-fọ́nrán 8, èyí tí wọ́n ń kọ DK sí lára. Wúùlù oní-rọ́bà, ìyẹn acrylic, kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ó sì ń nà, àmọ́ nínú ooru oṣù kẹta tiwa yìí á máa lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Bí ọyẹ́ bá dé, á tún máa fa ara rẹ̀ mọ́ aṣọ, ọwọ́ gbígbẹ á máa kọ́ ọ. (Ẹ fi òrí díẹ̀ pa ọwọ́ ní nǹkan bí ìdajì wákàtí ṣáájú, kó ti wọra kí ẹ tó fọwọ́ kan òwú.) Àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ rà: funfun, òféèfèé, àwọ̀ ojú ọ̀run. Ẹ má ra dúdú. Bí iná bá lọ lágogo 5 ààbọ̀, ẹni tó ń hun òwú dúdú ò ní rí ojú kankan mọ́.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́: aṣọ ìnujú kékeré, 20 cm níbùú, 20 cm lóròó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi súwẹ́tà tàbí síkáàfù bẹ̀rẹ̀. Síkáàfù gùn ju sùúrù ẹni tuntun lọ. Ẹ fi ìrù òwú bíi 80 cm sílẹ̀, ẹ ta ojóbó sórí abẹ́rẹ́, ẹ kó ojú 40. Ojú lásán (knit) ni kí ẹ máa hun ní gbogbo ìlà, láìyí i padà sí ti ẹ̀yìn (purl). Ìlà bíi 80 á fún yín ní onígun mẹ́rin tó dọ́gba. Òwú 50 g kan á ju ti aṣọ kan lọ, ó lè má tó méjì.

Nọ́ọ̀sì_Ọpọlọ

Ẹ kú ìjíròrò. Èmi á dáhùn ìbéèrè tó gbẹ̀yìn.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ WhatsApp lásán. Ní 2013, Jill Riley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bìrìtéènì gbé èsì ìwádìí kan jáde tí àwọn 3,545 tó ń hun wúùlù káàkiri àgbáyé dáhùn. Àwọn tó ń hun nígbà púpọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ ló sọ jù pé ọkàn àwọn ń balẹ̀, inú àwọn sì ń dùn. Àwọn tó ń hun nínú ẹgbẹ́ tún jàǹfààní sí i. Ní 2016, Girija Kaimal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Drexel ní Amẹ́ríkà kó àgbàlagbà 39 jọ, wọ́n fún wọn ní amọ̀, pépà gígé àti pẹ́ẹ̀nì aláwọ̀ fún ìṣẹ́jú 45. Wọ́n yẹ itọ́ wọn wò ṣáájú àti lẹ́yìn iṣẹ́ fún cortisol, èròjà tí ara ń tú jáde nígbà ìdààmú. Ó lọ sílẹ̀ lára nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn, àti ẹni tó mọ iṣẹ́ ọnà, àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rárá.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Àròdùn kì í ṣe nǹkan kan tó jókòó sínú ọkàn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni èèyàn ń sọ fún ara rẹ̀ léraléra: «bí mo bá ti tètè mú un dé ọsibítù ni», «kí ni n ó jẹ lóṣù tó ń bọ̀». Ó nílò ààyè nínú ọkàn kó tó lè máa yí po. Kíka ojú, wíwo ọwọ́, rírántí ìlà tí a dé, ààyè kan náà ni wọ́n ń gbà. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ tó rọrùn jù kò fi wúlò: ọwọ́ á máa ṣe é, ọkàn á sì padà sídìí àròdùn rẹ̀. Èyí tó le jù náà á kàn fi ìbínú kún ìbànújẹ́ ni. Mihaly Csikszentmihalyi, onímọ̀ ìṣesí ọmọ ìran Họ́ńgárì tó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú àwọn ayàwòrán, àwọn tó ń ta ayò ṣẹ́ẹ̀sì, àwọn tó ń gun òkè. Ohun tó rí ni pé ìgbà tí iṣẹ́ bá le tó agbára ọwọ́, tí kò rọrùn jù, tí kò sì kọjá agbára, tí èèyàn mọ ohun tó ń lé, tó sì ń rí i lójú ẹsẹ̀ bóyá ó ń ṣe é dáadáa, ìgbà yẹn ni ọkàn máa ń wọnú iṣẹ́ tí kò ní mọ̀ pé aago ti lọ.

Tísà, ohun tí ẹ ó máa wò lójú wọn nìyẹn, kì í ṣe ẹwà aṣọ. Ẹni tó bá ti ń hun tí ojú rẹ̀ ń wo fèrèsé, ẹ fi nǹkan kún iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń pòṣé, ẹ dín in kù.

Ọmọ_Bùnú

Ọ̀rọ̀ yín dára, ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi yín: kí ló dé tó jẹ́ wúùlù nìkan? Àwọn ìyá wa ní Bùnú, níbí ní Kogi, ti ń wun aṣọ lórí òfì tó dúró ní òòró kí ìkankan nínú wa tó mọ abẹ́rẹ́ méjì. Obìnrin ló ni òfì yẹn. Aṣọ funfun ni wọ́n ń wun jù, títí kan èyí tí ìyàwó ń gbé lọ sílé ọkọ. Aṣọ ìpò pupa, èyí tí wọ́n fi ń yẹ́ àwọn olóyè àti àgbà sí nígbà òkú wọn, okùn tí wọ́n tú kúrò lára aṣọ pupa òkèèrè ló wà nínú rẹ̀. Elisha Renne, onímọ̀ àṣà ará Amẹ́ríkà, gbé odidi ìwé jáde lórí aṣọ Bùnú ní 1995. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ ní Kogi fi ti ilé ṣáájú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ ìfọ̀kànbalẹ̀, ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà nínú iṣẹ́ òfì: ríran òwú, títa á sórí òfì, fífi apasà lù ú wọlé. Ìró apasà yẹn nìkan tó orin. Gbogbo ara ló ń bá a lọ, kì í ṣe ìka nìkan.

Abẹ́rẹ́_Méjì

@Ọmọ_Bùnú, òótọ́ pọ́ńbélé lẹ sọ, mi ò sì ní bá yín jà lórí òfì. Àmọ́ ẹ wo yàrá tí Tísà ń sọ. Wákàtí méjì lọ́sẹ̀, wọ́n á sì palẹ̀ mọ́. Òfì ò ṣeé gbé wọlé gbé jáde, títa òwú sórí rẹ̀ nìkan lè gba gbogbo ọjọ́bọ̀ náà, ẹni tí kò bá ti wun rí nílò ẹni tó mọ̀ ọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ìyá àgbà kan tó ṣì ń wun bá wà nítòsí, ẹ gbé òfì kan kalẹ̀ sí igun yàrá, kí ẹni tó wù máa lọ sídìí rẹ̀. Ìyẹn á dára gan-an. Kó má ṣe jẹ́ òun ni gbogbo èèyàn ó fi bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan tún wà fún àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn. Iṣẹ́ wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ṣeé gbé sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá pè wọ́n, tó sì ṣeé gbé padà láìsí òfò. Wúùlù ṣe bẹ́ẹ̀, kúróṣé (crochet, tí wọ́n ń fi ìkọ́ kan hun) ṣe bẹ́ẹ̀ jù, torí ojú kan ṣoṣo ló máa ń wà lẹ́nu ìkọ́ rẹ̀. Bó bá tilẹ̀ yọ, ẹ fà á padà, ó tán. Ìlẹ̀kẹ̀ sínsín kò ṣe bẹ́ẹ̀: ẹ gbé e sílẹ̀ kíá, ó dà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Bàbá_Ọ̀ta

Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ.

Ẹ ò tíì dáhùn ti àwọn ọkọ. Ẹ gbé ọpọ́n ayò kalẹ̀ fún wọn. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ẹni kọ̀ọ̀kan ní ihò mẹ́fà níwájú rẹ̀. Ẹ kó ọmọ inú ihò kan lódò yín, ẹ máa jù ú lọ́kọ̀ọ̀kan sí ihò tó tẹ̀ lé e lọ́wọ́ ọ̀tún, kí ẹ yí dé ọ̀dọ̀ alátakò. Bí ọmọ tó gbẹ̀yìn bá bọ́ sí ihò rẹ̀, tó sọ ohun tó wà níbẹ̀ di 2 tàbí 3, ẹ ti jẹ ẹ́. Bí ihò tirẹ̀ tó ṣáájú èyí náà bá ti di 2 tàbí 3, ẹ kó o pẹ̀lú. Bí ọmọ inú ihò kan bá pọ̀ tó láti yí ọpọ́n ká, ẹ fo ihò tí ẹ ti kó o.

Ọ̀rọ̀ tí Nọ́ọ̀sì sọ nípa ààyè ọkàn, ó bá ayò mu wẹ́kú: ẹni tó ń ka ọmọ inú ihò mẹ́fà tirẹ̀ àti mẹ́fà ẹlòmíì, ibo ló ti fẹ́ ráyè ronú gbèsè? Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ohun méjì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi owó ta á. Ọjọ́ tí owó bá wọ̀ ọ́ ni àníyàn tuntun wọlé. Ẹ má sì fi ọ̀ta gidi, ẹni tó mọ ayò ta dáadáa, kọjú ọ̀pẹ, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Ẹni tí wọ́n ń jẹ ní gbogbo ìgbà ò ní padà wá lọ́jọ́bọ̀ kejì. Ẹ jẹ́ kí ọ̀ta máa ta ọ̀ta. A mọ̀ pé ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ kò gbọdọ̀ fọhùn, àmọ́ nínú yàrá yín, ẹ jẹ́ kí ọ̀pẹ fọhùn.

Nọ́ọ̀sì_Ọpọlọ

Bàbá, ẹ ṣé. Fún ọkọ tí rọpárọsẹ̀ ti jà, bó bá ti lè jókòó fúnra rẹ̀, ayò tún ní èrè mìíràn: mímú ọmọ ayò kan-kan láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, irú nǹkan tí àwọn oníṣẹ́ ìtọ́jú ọwọ́ ń fún wọn ṣe gan-an ni. Ẹ lo ọpọ́n tí ihò rẹ̀ fẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ fi ọwọ́ tó lágbára kó o, kó máa fi ọwọ́ tó rẹ̀ jù ú bó bá lè ṣe é. Ẹ má kánjú fún un. Bó bá ní ìṣòro gbígbé nǹkan mì tàbí tí orí rẹ̀ kò tíì dá ṣáṣá, ẹ má fi ọmọ ayò sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láìsí ẹni nítòsí, torí ó lè fi sẹ́nu.

Aláríwísí_Ìsánlú

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tí kò ní dùn. Àwọn 3,545 tó ní wúùlù ń fún àwọn láyọ̀, ṣé kì í ṣe àwọn tó fẹ́ràn wúùlù ni? Bí ẹ bá bi àwọn ọ̀mu ẹmu bóyá ẹmu dára, kí lẹ rò pé wọ́n á sọ? Àwọn 39 ti Amẹ́ríkà náà, àwọn tó jókòó pẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 45 láìṣe nǹkan kan dà, tí wọ́n fi wọ́n wé? Bóyá ìjókòó náà ló sinmi wọn.

Nọ́ọ̀sì_Ọpọlọ

@Aláríwísí_Ìsánlú, ẹ kò ṣì í wí. Ìbéèrè 2013 yẹn, àwọn tó ń hun ló fúnra wọn dáhùn, ti 2016 náà kò ní ẹgbẹ́ tí wọ́n fi wọ́n wé. Wọn kò fi hàn pé wúùlù ló fà á.

Èyí tó tóbi jù ni ti 2023, tí àwọn olùwádìí Yunifásítì ìlú Lọ́ńdọ́nù, UCL, darí. Wọ́n kó dátà àwọn 93,263 tó ti lé ní ọdún 65 jọ láti orílẹ̀-èdè 16. Àwọn tó ní ohun tí wọ́n ń ṣe fún ìgbádùn ara wọn kò ní àmì ìsoríkọ́ tó àwọn tí kò ní, ó sì hàn bẹ́ẹ̀ láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè. Èyí náà, ìbátan ló fi hàn; ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ara rẹ̀ dá ló lágbára láti ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kì í sì í ṣe wúùlù nìkan ni wọ́n wò: ọgbà, eré, kíkà, iṣẹ́ ọwọ́, ẹgbẹ́, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ibi tí ẹsẹ̀ wa ti le jù ni ọ̀nà ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní behavioural activation. Wọ́n ti dán ìyẹn wò dáadáa pẹ̀lú àwọn aláìsàn ìsoríkọ́, pẹ̀lú ẹgbẹ́ tí wọ́n fi wọ́n wé. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí ìsoríkọ́ mú kì í ní ìfẹ́ sí nǹkan kan, bó bá sì ní òun á dúró kí ìfẹ́ dé kí òun tó ṣe é, kò ní dé. Ìṣe ló ń ṣáájú, ìfẹ́ ń tẹ̀ lé e. Nítorí náà a máa ń dá ohun kékeré kan sí wákàtí pàtó. Fún àwọn ìyá wọ̀nyí: ìlà méjì lójoojúmọ́ lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, bó wù wọ́n, bí kò wù wọ́n. Ẹni tó bá ṣe ìlà méjì tó sì dúró, ó ti ṣe é. Ẹ má sọ fún un pé «ìlà méjì péré?».

Nílé wa níbí náà, Thomas Adeoye Lambo, dókítà àrùn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Àró, Abẹ́òkúta, ní 1954: àwọn aláìsàn ń gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú ìbátan wọn, wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń bá ìgbé ayé ojoojúmọ́ lọ. Pé ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ láàárín èèyàn ń ran ọpọlọ lọ́wọ́ kì í ṣe nǹkan tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ fún wa.

Ọlọ́jà_Ẹ̀gbẹ̀

Gbogbo rẹ̀ yé mi o, àfi ibi tí ẹ ní kì í ṣe fún títà. Nínú ọ̀wọ́n yìí? Fìlà ọmọ ìkókó àti ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ń tà, pàápàá nígbà òjò àti ọyẹ́. Opó tó bá rí owó kékeré nínú rẹ̀, ṣé ìyẹn ò ní tu ọkàn rẹ̀ lára ju kíka ojú lọ? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa, àìlówó ló ń kó àròdùn bá ọ̀pọ̀ wọn.

Tísà_Mọ́pà

Ìyá Ọlọ́jà, àwọn kan nínú wọn ti sọ bẹ́ẹ̀ náà. Nọ́ọ̀sì, kí lẹ rí sí i?

Nọ́ọ̀sì_Ọpọlọ

Kò sí àníàní pé owó ń tu ọkàn lára. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni ọjọ́ ìkómọ. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ fìlà 12 tí wọ́n fẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ á máa hun dé agogo 2 òru, ojú rẹ̀ á pọ́n, ọrùn ọwọ́ á máa dùn ún, oníbàárà á tún ní àwọ̀ kò mọ́ bí òun ṣe fẹ́. Iṣẹ́ náà ti di ọ̀kan lára ohun tó ń lé e kiri.

Àbá mi: kí wọ́n ta ohun tó bá ti parí, kí wọ́n má gba iṣẹ́ tó ní ọjọ́ lórí. Ẹni tó bá fẹ́ gba iṣẹ́, kó gbà á sílé rẹ̀, pẹ̀lú òwú mìíràn. Ti ọjọ́bọ̀, kó ṣì jẹ́ ti ọjọ́bọ̀.

Ọlọ́jà_Ẹ̀gbẹ̀

Mo gba ti ìyẹn dé àyè kan. Ẹni tí ebi ń pa kò ní ya òwú méjì sọ́tọ̀ o, Nọ́ọ̀sì.

Tísà_Mọ́pà

A ti ṣe ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́. Ẹ ṣeun, ọparun ṣiṣẹ́. Ìṣòro tó yọjú: aṣọ àwọn mẹ́ta ń fẹ̀ sí i bó ṣe ń gòkè, ó ti fẹ́ dà bí abẹ̀bẹ̀. Ojú 40 ti di 47, 52. Ẹlòmíì ní ihò kan sọ̀kalẹ̀ láàárín aṣọ bí àkàbà. Ẹnìkan sì ní ìka òun ń ta.

Abẹ́rẹ́_Méjì

Tísà, èyí tó ń fẹ̀: ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ ìlà. Bí wọ́n bá yí iṣẹ́ padà, wọ́n ń ju òwú gba orí abẹ́rẹ́ kọjá sẹ́yìn. Ó ń fa ojú àkọ́kọ́ sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á yọ, á wá dà bí ojú méjì. Akẹ́kọ̀ọ́ á hun méjèèjì, ó ti fi ọ̀kan kún un. Kí òwú kọ́kọ́ wà nísàlẹ̀ níwájú, kó gba abẹ́ abẹ́rẹ́ lọ sẹ́yìn. Ohun kejì tó ń fa á ni kí abẹ́rẹ́ gún òwú là láàárín. Fọ́nrán mẹ́rin níhìn-ín, mẹ́rin lọ́hùn-ún, wọ́n á hun ún bí méjì. Ẹ ní kí wọ́n máa ka ojú ní gbogbo ìlà mẹ́rin. Bó bá ti lé ọ̀kan tàbí méjì, ẹ hun méjì pọ̀ ṣe ọ̀kan ní etí, kò ní hàn. Èyí tó ti di 52, ẹ tú u.

Àkàbà yẹn, ojú kan ló já bọ́. Ẹ má fa aṣọ náà rárá, á máa sọ̀kalẹ̀ sí i. Ẹ fi ìkọ́ kúróṣé mú ojú tó wà nísàlẹ̀, ẹ fa okùn tó dábùú lórí rẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, títí ẹ ó fi dé orí abẹ́rẹ́. Nítorí pé ojú lásán ni gbogbo ìlà, ẹ ó máa yí ìkọ́ padà: okùn kan ẹ ó fà á láti iwájú, èkejì láti ẹ̀yìn. Bí ẹ bá fa gbogbo rẹ̀ láti ojú kan, ìlà dídán kan á hàn lójú aṣọ.

Bí wọ́n bá fẹ́ pa ojú dé lópin, ẹ fún wọn ní abẹ́rẹ́ 5 mm fún ìlà yẹn nìkan. Ọwọ́ ẹni tuntun máa ń fún níbẹ̀, òkè aṣọ á súnkì.

Nọ́ọ̀sì_Ọpọlọ

Ti ìka tó ń ta: bó bá jẹ́ àtàǹpàkò sí ìka àárín ló ń ta tàbí kú, tó sì ń jí i lóru, kó dá a dúró, kó lọ fi hàn ní ọsibítù, ó lè jẹ́ iṣan ọrùn ọwọ́ ló fún mọ́ra. Bó bá jẹ́ pé ó kàn rẹ̀ ẹ́, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ gbọdọ̀ tọ́, kó má tẹ̀ sísàlẹ̀. Kó fi ìrọ̀rí sẹ́yìn àti sábẹ́ ìgúnpá. Kí gbogbo yín dìde lẹ́yìn ìṣẹ́jú 25 tàbí 30.

Ẹnìkan bi mí níta nípa mímí pẹ̀lú híhun. Ó dára fún àníyàn: ẹ mí sínú fún ojú 4, ẹ mí síta fún ojú 6, ìlà ojú 40 á jẹ́ èémí mẹ́rin. Àmọ́ ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n hun ni. Ẹni tó ṣì ń wá ojú kiri, ojú 4 lè gba ìṣẹ́jú-àáyá 12 lọ́wọ́ rẹ̀. Èémí á há a. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lo 2 àti 3.

Ọ̀rọ̀ kan tó ṣe pàtàkì ju òwú lọ. Nínú ẹgbẹ́ yín, bí ìbànújẹ́ ẹnìkan bá ti wà lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí kò sùn, tí kò jẹun, tí kò lè ṣe iṣẹ́ ilé rẹ̀ mọ́, ìyẹn ti kọjá ohun tí abẹ́rẹ́ lè ṣe. Ẹ mú un lọ sí ọsibítù tó sún mọ́ yín, kí ẹnìkan bá a lọ. Bó bá ń sọ̀rọ̀ ikú, pé ó sàn kí òun má sí, ẹ bi í ní gbangba bóyá ó ń ronú láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè náà kì í ti èèyàn sí i. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ kó abẹ́rẹ́ irin, sísọ́ọ̀sì àti oògùn kòkòrò oko kúrò nítòsí rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì kò gbọ́, ọjọ́ náà gan-an ni òun náà, kì í ṣe ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Oògùn tí dókítà bá sì ti fún ẹnikẹ́ni, kó má torí pé wúùlù ń ṣe é dáadáa fi í sílẹ̀.

Ọmọ_Bùnú

Nọ́ọ̀sì, ẹ kú làákàyè. Mo rántí nǹkan kan: àwọn kan ò ní lè jókòó. Ẹ fún irú wọn ní ebè méjì lẹ́yìn yàrá náà, kí wọ́n gbin tẹ̀tẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin wọ́n á ti máa já a. Ẹ po irúgbìn mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí ẹ tó fọ́n ọn, torí ó kéré púpọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á ṣù sójú kan.

Tísà_Mọ́pà

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ìyá kan ti parí aṣọ ìnujú méjì, ó ní òun ti ń hun ún lójú oorun. Gẹ́gẹ́ bí Nọ́ọ̀sì ṣe sọ, mo mọ̀ pé ó ti tó àkókò láti fi nǹkan kún un. Kí ni kí n fún un? Kí ni ká sì ṣe sí iṣẹ́ tí kò parí láàárín ọjọ́bọ̀ kan sí èkejì?

Abẹ́rẹ́_Méjì

Ẹ fún un ní èyí tó ń lọ ní ìhà. Kó kó ojú 4, kó hun ìlà kan lásán. Lẹ́yìn ìyẹn, ní gbogbo ìlà: hun 2, gbé òwú kọ́ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, hun ìyókù dé òpin. Òwú tó gbé kọ́ yẹn á di ihò kékeré létí, á sì fi ojú kan kún un. Bó bá di 44, kó yí i padà: hun 1, hun 2 pọ̀ ṣe ọ̀kan, gbé òwú kọ́, hun 2 pọ̀ ṣe ọ̀kan, hun ìyókù. Á máa dín ní ọ̀kan-ọ̀kan títí á fi ku 4, kó pa á dé. Iye ojú ń yí padà ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kò ní lè hun ún lójú oorun. Bó bá gbàgbé gbígbé òwú kọ́, ihò kan á sọnù létí, á rí i fúnra rẹ̀.

Iṣẹ́ tí kò parí: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró láàárín ìlà. Bó bá padà dé, kò ní mọ ọ̀nà tó ń lọ, á yí i sódì, ihò á yọ. Kó parí ìlà, kó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí pépà, kó ti ojú gbogbo sísàlẹ̀ abẹ́rẹ́ síbi rọ́bà, kó fi rọ́bà mìíràn dí ẹnu ṣóńṣó. Bí òwú bá tán, etí ni kó ti fi tuntun sí i, kó fi ìrù 15 cm sílẹ̀ ní méjèèjì, kó fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ fà á gba inú ojú kọjá nígbà tó bá parí. Kó má ta kókó, kókó á máa ha ojú ẹni tó bá fi nù. Ike onídèérí ni kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ sí o, kì í ṣe ọ̀rá. Eku fẹ́ràn kọ́tìnnì ju bí àwọn ìyá ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ.